Àwòrán Oòrùn Tí Ó Ń Wọ̀ Lórí Òkun, àti Ìdí Tí A Fi Ń Gbé E Pamọ́ Fún Oòrùn

 

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí àwòrán. Kì í ṣe fọ́tò tí a fi ẹ̀rọ yà, kì í sì í ṣe ère tí a gbẹ́. Àwòrán tí a fi omi àti àwọ̀ yà sórí ìwé ni. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni oòrùn tí ó ń wọ̀ lórí òkun.

Ẹnì kan lè bi wá pé: kí ni àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò fẹ́ fi àwòrán oòrùn ṣe, nígbà tí oòrùn fúnra rẹ̀ ń wọ̀ lójú wa lójoojúmọ́, tí a kò sì san owó kankan? Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn wa ni pé ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwòrán yìí yóò mọ ìdí tí oòrùn fi ń pọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Yóò mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jẹ àwọ̀. Yóò sì mọ bí òun yóò ṣe tọ́jú ìwé ìbí ọmọ rẹ̀, fọ́tò òbí rẹ̀ àti aṣọ aró rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

TA NI Ó YA ÀWÒRÁN NÁÀ?

Àwọn ènìyàn púpọ̀ ti ya oòrùn tí ó ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a mọ̀ jù fún un ni ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joseph Mallord William Turner. A bí i ní London ní ọdún 1775. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́rọ̀. Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀. Ó ń fá irungbọ̀n, ó sì ń ṣe irun àtọwọ́dá tí àwọn ọkùnrin ń dé sórí nígbà náà. Nígbà tí bàbá rí i pé ọwọ́ ọmọ òun dára, ó ń fi àwòrán ọmọ náà hàn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ń tà á fún àwọn oníbàárà. Ní ọdún 1789, nígbà tí Turner jẹ́ ọmọ ọdún 14, wọ́n gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán tí a ń pè ní Royal Academy. Ó ń yàwòrán títí ó fi kú ní ọdún 1851.

Ìlú kan wà ní etíkun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Margate. Turner fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Ó ti gbé ibẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré, ó sì padà lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí ó dàgbà. Ní Kutọnu tiwa, gúúsù ni òkun wà, oòrùn sì ń lọ wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí etíkun gbà lọ sí Grand-Popo. Ṣùgbọ́n ní Margate, etíkun kọjú sí àríwá àti ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru ní ilẹ̀ wọn, ẹni tí ó dúró lórí iyanrìn yóò máa wo oòrùn bí ó ti ń rì sínú omi. Ohun tí Turner ń lọ wò nìyẹn.

KÍ NI A FI Ń YA IRÚ ÀWÒRÁN BẸ́Ẹ̀?

Ohun mẹ́ta ni: àwọ̀, oje igi àti ìwé.

Àwọ̀ náà jẹ́ ìyẹ̀fun tí a lọ̀ kúnná. Òmíràn ti inú ilẹ̀ wá, bí ilẹ̀ pupa tí a fi ń kun ògiri. Òmíràn ti ara ewé àti gbòǹgbò wá. Bí àpẹẹrẹ, ẹ̀lú tí àwọn ìyá wa ń fi pa aṣọ láró ní ìbátan ní ilẹ̀ Íńdíà, a sì ń ṣe é ní ìyẹ̀fun aró fún àwọn ayàwòrán. Òmíràn ti ara kòkòrò wá. Kòkòrò kékeré kan wà ní Mẹ́síkò tí a ń gbẹ tí a sì ń lọ̀, ó ń fúnni ní pupa tí ó dán gan-an.

Ìyẹ̀fun lásán kò lè lẹ̀ mọ́ ìwé. Nítorí náà a ń pò ó mọ́ oje igi. Oje náà ń wá láti ilẹ̀ gbígbẹ ti Áfíríkà, láti Senegal títí dé Sudan, níbi tí igi ẹlẹ́gùn-ún kan ń hù. Bí a bá dá èèpo igi náà lọ́gbẹ́, oje yóò ṣàn jáde, yóò sì gan. Bí a bá fi omi sí i, yóò yọ́. Ẹ rí i báyìí pé àwòrán tí a yà ní Gẹ̀ẹ́sì kò ṣẹ̀yìn ọwọ́ àwọn ará Áfíríkà tí ń kó oje jọ nínú oòrùn.

Ìwé tí Turner lò kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń kà yìí. Àkísà ni a fi ṣe é. A gún àkísà nínú omi títí ó fi di ọ̀rọ́, a tẹ́ ẹ, a sì gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà a rì í sínú omi awọ ẹran tí a sè, kí omi má baà tàn káàkiri nínú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a bá fi ẹ̀kọ sí aṣọ.

BÁWO NI A ṢE Ń YA OÒRÙN?

Ẹ fetí sí ohun ìyanu kan. Nínú irú àwòrán yìí, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í sábà fi àwọ̀ funfun ya oòrùn. Ìwé funfun náà ni oòrùn. Ayàwòrán yóò fi àyè kékeré sílẹ̀ láìkàn án, yóò sì kun àwọ̀ yí i ká. Ibi tí kò fọwọ́ kàn ni yóò máa tàn.

Turner máa ń rin ìwé rẹ̀ pẹ̀lú omi kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìwé ṣì tutù, yóò fi búrọ́ṣì kan àwọ̀ bí iyeyè tí ó pọ́n sí ẹ̀bá oòrùn, yóò fi pupa tẹ̀lé e, yóò sì fi aró sí òkè. Àwọ̀ kan yóò máa ṣàn wọ inú èkejì fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ibi tí pupa parí sí tí aró ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti rí lójú ọ̀run gan-an nìyẹn. Nígbà tí ó bá gbẹ, yóò fa ìlà òkun sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tàn lórí ìgbì omi, yóò fi ọ̀bẹ tàbí èékánná ha àwọ̀ kúrò, kí funfun ìwé lè yọ jáde.

Iṣẹ́ yìí kò fún ènìyàn ní àyè àṣìṣe. Ẹni tí ó bá pẹ́ jù, ìwé rẹ̀ á ti gbẹ. Ẹni tí ó bá yára jù, àwọ̀ rẹ̀ á dàrú di ẹrẹ̀.

KÍ NI Ó DÉ TÍ OÒRÙN FI Ń PỌ́N NÍ ÌRỌ̀LẸ́?

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn dà bí funfun lójú wa, ṣùgbọ́n àdàlù ni. Ní nǹkan bí ọdún 1666, Isaac Newton jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá. Ìmọ́lẹ̀ náà pín sí gbogbo àwọ̀ tí a ń rí nínú òṣùmàrè.

Afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín wa àti oòrùn kò gba gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí bákan náà. Ó ń fọ́n àwọ̀ aró káàkiri ju pupa lọ. Onímọ̀ kan tí a wá mọ̀ sí Lord Rayleigh ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọdún 1871. Aró tí afẹ́fẹ́ fọ́n ká yìí ni ó mú kí ojú ọ̀run dà bí aṣọ aró lọ́sàn-án.

Ní ọ̀sán gangan, oòrùn wà lókè orí wa, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wá. Afẹ́fẹ́ tí ó ń là kọjá nígbà náà tó ìlọ́po 38 ti ọ̀sán gangan. Kí ó tó dé ojú wa, aró ti ṣòfò dànù sọ́nà. Pupa àti àwọ̀ iyeyè ni ó ṣẹ́kù. Ó dà bí èrò tí ó rin ọ̀nà jíjìn: àwọn tí kò lágbára ìrìn á yà sílé ní ojú ọ̀nà, àwọn díẹ̀ ni yóò dé ọjà.

Eruku pẹ̀lú ń yí ojú oòrùn padà. Ẹ̀yin náà ń rí i nígbà ọyẹ́, tí eruku aṣálẹ̀ bá bò wá mọ́lẹ̀, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ á ṣú bí ẹyin tí a fọ́ sínú àwo. Nígbà mìíràn, eruku náà ń ti ibi tí ó jìnnà gan-an wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1815, òkè ayọnáyèéfín kan tí a ń pè ní Tambora bú gbàmù ní ilẹ̀ Indonesia. Èéfín rẹ̀ gòkè lọ, ó sì yí ayé ká. Ní London, àwọn ènìyàn rí ìrọ̀lẹ́ tí ó pọ́n lọ́nà àrà. Ní ọdún kejì, òtútù mú ní Yúróòpù ní ìgbà tí ó yẹ kí ó móoru, irè oko kùnà, ebi sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àgbẹ̀ tí irúgbìn rẹ̀ rà kò mọ̀ pé òkè kan ní òdìkejì ayé ni ó fa ìyà náà.

Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ kan tí C. S. Zerefos ará Gíríìsì jẹ́ olórí wọn tẹ ìwé kan jáde. Wọ́n wo àwòrán oòrùn wíwọ̀ 554, iṣẹ́ ayàwòrán 181, ti Turner sì wà nínú wọn. Wọ́n wọn bí pupa ti pọ̀ tó nínú ojú ọ̀run wọn. Wọ́n rí i pé ọ̀run tí a yà lẹ́yìn tí òkè ńlá bá bú máa ń pọ́n ju ti àwọn ọdún mìíràn lọ. Ayàwòrán kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kọ àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ sílẹ̀ fún wa.

BÍ OÒRÙN ṢE Ń PA ÀWÒRÁN OÒRÙN

Ẹ jẹ́ kí á dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé gbóná. Ìmọ́lẹ̀ tí Turner fẹ́ràn yìí náà ni ọ̀tá iṣẹ́ rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ní agbára. Bí ó bá ń bọ́ sórí àwọ̀ lójoojúmọ́, yóò máa já ohun tí ó so àwọ̀ náà pọ̀. Àwọ̀ tí ó ti inú ilẹ̀ wá, bí ilẹ̀ pupa, lágbára. Ẹ wo ògiri amọ̀ ilé baba yín: oòrùn ń pa á láti ọdún dé ọdún, síbẹ̀ ó pupa. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé àti àwọ̀ kòkòrò kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣá. Aró tí a fi omi kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ìwé a máa ṣá pẹ̀lú.

Ẹ gbọ́ ohun tí èyí ń fà. Bí Turner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ ya ìkùukùu tí ó ṣú, wọ́n lè da aró pọ̀ mọ́ pupa ilẹ̀. Nígbà tí ọdún bá gorí ọdún nínú ìmọ́lẹ̀, aró á kú, pupa ilẹ̀ á kù. Ìkùukùu òjò á wá di ìkùukùu ìrọ̀lẹ́! Ẹni tí ó bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè máa yin pupa tí ayàwòrán kò fi síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi àwòrán àtijọ́ ṣe ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bí a ti ṣe tọ́jú rẹ̀.

Ní ọdún 1886, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn ní London. J. C. Robinson sọ pé àwọn àwòrán olómi tí a fi kọ́ ara ògiri fún aráàlú ti ń ṣá. John Ruskin, tí ó ti kọ ìwé púpọ̀ nípa Turner, dá a lóhùn pé bí a bá tọ́jú wọn dáadáa, wọn yóò pẹ́. Ìjọba wá ní kí àwọn onímọ̀ méjì, W. J. Russell àti W. de W. Abney, wádìí rẹ̀. Wọ́n kun àwọ̀ oríṣiríṣi sórí ìwé, wọ́n kì í sínú ọ̀pá gíláàsì, wọ́n bo apá kan, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ fún oòrùn. Nínú ọ̀pá kan, afẹ́fẹ́ tútù wà. Nínú òmíràn, afẹ́fẹ́ gbígbẹ wà. Nínú òmíràn, wọ́n fa afẹ́fẹ́ kúrò pátápátá.

Ní ọdún 1888 wọ́n gbé èsì jáde. Àwọ̀ tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tútù ni ó ṣá jù. Èyí tí ó wà níbi gbígbẹ sàn jù ú lọ. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, díẹ̀ péré ni ó yí padà. Wọ́n tún rí i pé ìmọ́lẹ̀ aró ń ba àwọ̀ jẹ́ ju ìmọ́lẹ̀ pupa lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ pupa ti ìrọ̀lẹ́ rọ̀ ju ti ọ̀sán lọ. Ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin, nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, ni olórí ọ̀tá.

Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ṣíṣá rí. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹ ó wò ó tí ẹ ó sọ pé òní ni ó bàjẹ́. Nígbà tí ojú bá fi rí i, ó ti pẹ́ jù, nítorí àwọ̀ tí ó bá ti kú kì í jí mọ́.

KÍ NI WỌ́N WÁ ṢE?

Ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henry Vaughan. Ó kó àwòrán Turner jọ púpọ̀. Nígbà tí ó kú, ìwé ìhágún rẹ̀ fi 38 lára àwọn àwòrán olómi náà fún ilé àwòrán ìjọba ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland. Ó fi 31 fún ti Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Ọdún 1900 ni wọ́n gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn sí i. Ó ní oṣù kìíní ọdún nìkan ni kí wọ́n máa kó wọn síta. Kí ni ó dé? Ní oṣù yẹn, oòrùn ilẹ̀ wọn kì í ràn púpọ̀. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ á ti kọjá kí ó tó yọ, ó sì ń tètè wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó wá wò ó.

Ẹ wo ọgbọ́n ọkùnrin yìí. Bí ó bá ní kí wọ́n tì wọ́n mọ́ inú àpótí títí láé, wọn yóò pẹ́, ṣùgbọ́n kí ni èrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí? Bí ó bá ní kí wọ́n máa wà lára ògiri lójoojúmọ́, àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀ ì bá jẹ wọ́n tán kí àwọn ọmọ ọmọ tó dé. Ó pín in: oṣù kan fún ojú, oṣù mọ́kànlá fún òkùnkùn. Títí di òní, oṣù kìíní ni àwọn ènìyàn ń tò lọ wò wọ́n.

Ní ilé àwòrán púpọ̀ lónìí, wọ́n ń wọn ìmọ́lẹ̀. Orúkọ òṣùwọ̀n náà ni lux. Lux 50 ni wọ́n sábà ń fi sórí àwòrán olómi, kò pọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là 50 tí ó wà ní mítà kan sí i lọ. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó lux 100,000. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀: 100,000 tí a fi 50 pín jẹ́ 2,000. Wákàtí kan nínú oòrùn dà bí 2,000 wákàtí nínú yàrá yẹn. Bí wọ́n bá ń ṣí yàrá náà fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ó jẹ́ 250 ọjọ́.

KÍ NI Ó KÀN WÁ NÍNÚ RẸ̀?

A kò ní àwòrán Turner nílé, ṣùgbọ́n a ní ohun tí ó ṣe iyebíye jù ú lọ fún wa. Ọmọ tí ìwé ìbí rẹ̀ bá ṣá, kò rọrùn fún un láti jókòó ṣe ìdánwò. Ẹni tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́, ẹnu lásán ni yóò fi jà. Ẹni tí fọ́tò ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo bá di funfun lára ògiri, níbo ni yóò ti rí òmíràn? Nítorí náà:

1. Ẹ má ṣe gbé fọ́tò kọ́ sí ibi tí oòrùn ń bá wọlé. Ògiri tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé sàn ju èyí tí ó dojú kọ ọ́ lọ. Gíláàsì tí a fi bo fọ́tò kò lè dá ìmọ́lẹ̀ dúró.

2. Ẹ kó ìwé pàtàkì sínú àpótí tí ó gbẹ, tí ó ga kúrò nílẹ̀. Ẹ má ṣe tì í mọ́ abẹ́ ẹní tàbí sínú koríko òrùlé. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà òjò, ẹ ṣí àpótí náà níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, nínú ibòji.

3. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé nígbà tí ó ṣì ṣeé kà, kí ẹ sì jẹ́ kí mérì fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà kan ní ilé, ẹ̀dà kejì lọ́wọ́ ẹbí mìíràn.

4. Ìwé kékeré tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde nígbà tí ẹ bá san owó tàbí gba owó kì í pẹ́. Ooru nìkan tó láti pa á rẹ́. Ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé yín ní ọjọ́ náà gan-an.

5. Aṣọ aró, inú ibòji ni kí ẹ sá a sí. Bí ó bá gbọ́dọ̀ wà nínú oòrùn, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ sì ká a ní kété tí ó bá ti gbẹ.

6. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó wà nínú fọ́tò àti ọdún tí a yà á sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Pẹ́ńsù kì í ṣá bí yíǹkì bíìkì.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, bí ẹ bá ń ti oko bọ̀, ẹ wo ojú ọ̀run ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹ má ṣe tẹjú mọ́ oòrùn fúnra rẹ̀ o, ó ń ba ojú jẹ́. Ẹ wo ìkùukùu tí ó yí i ká, kí ẹ sì sọ fún ọmọ tí ó bá ń tẹ̀ lé yín ìdí tí ó fi pupa. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ bá délé, ẹ wo ara ògiri.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

Kí ni ayàwòrán ń lò fún ìmọ́lẹ̀ oòrùn nínú àwòrán olómi? Kí ni ó dé tí ìkùukùu òjò fi lè di pupa nínú àwòrán àtijọ́? Èwo nínú ìwé ilé yín ni ó wà nínú ìmọ́lẹ̀ báyìí, ta ni yóò sì gbé e kúrò níbẹ̀?